Ilẹ̀ Tí Mọ́nsúrù Fi Irin Bò

Bí Màámi bá ti jẹun alẹ́ tán, tó ti fi omi yọ ẹnu, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá yín ni kí ẹ gbé mi sí o. Ẹ má gbé mi lọ síbi tí n kò ti mọ ẹnì kankan." Kó tó sọ ọ́ tán, Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀ á ti dá a lẹ́nu dúró pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní í kú báyìí. Ẹ máa pẹ́ fún wa." Ràhmát, ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù lóbìnrin, tó bá wá kí wọn láti Kétu, á ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe, àwa Yorùbá. Àgbàlagbà á fẹ́ sọ ibi tí òun fẹ́ sùn sí, a ó fi àdúrà dí i lẹ́nu, a ó sì rò pé a ti ṣe dáadáa.

Ẹni tí Màámi fẹ́ sùn tì yìí, ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Ajégunlẹ̀ ló wà. Kì í ṣe Ajégunlẹ̀ ti Àpápá là ń wí o, èyí tó wà lẹ́bàá Òwòdé Onírin ni, níbi tí odò Ògùn ti máa ń wọlé tọ èèyàn láìkan ìlẹ̀kùn. Ìsẹ́yìn ni bàbá wọn ti wá. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí, ó ń kó ata àti tòmátò láti òkè Ọya wá sí Mile 12, owó yẹn ló fi ra ilẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n nígbà náà. Ìdí tí kò fi wọ́n, òjò ọdún àkọ́kọ́ ló là á yé e. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, nítòsí ògiri tó kọjú sódò, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí sàréè rẹ̀ ká, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó sọ pé àyè ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo wọn kàn mọ̀.

Iṣẹ́ irin ni Mọ́nsúrù ń ṣe ní Òwòdé, ṣùgbọ́n kì í ta rọ́ọ̀dù, kì í sì í ta páànù. Ohun tí àwọn mìíràn ti lò tán lòun ń kó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́n èérún irin lu ara táǹkì epo, ara páìpù, ara irin ọkọ̀ ojú omi, kí ọ̀dà àtijọ́ àti ìpẹtà lè bọ́ kúrò kí wọ́n tó kun òmíràn. Èérún irin yẹn ni wọ́n ń pè ní giríìtì. Tuntun rẹ̀ wọ́n bí ojú, òkè òkun ló ti ń wá. Bí wọ́n bá ti fọ́n ọn tán, á dà sílẹ̀, á dàpọ̀ mọ́ èépá ọ̀dà, mọ́ ìpẹtà, mọ́ iyanrìn, mọ́ ìdí sìgá àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní pàǹtí. Mọ́nsúrù á kó o wá sí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á sá a sóòrùn, á jọ̀ ọ́, á fi òòfà fa irin inú rẹ̀ jáde, á fẹ́ èérí ara rẹ̀ dànù bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò, á tún un dì sápò, á sì tà á padà fún àwọn tó fọ́n ọn dànù. Ọlábámijí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́n irin yìí, tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ó ti pẹ́, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọ̀gá Mọ́n nìkan lòun mọ̀ tó ń ta ìdọ̀tí èèyàn padà fún èèyàn, tí èèyàn á tún dúpẹ́.

Giríìtì kan náà lè lọ kó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbàkígbà tó bá lu irin, á fọ́ sí i, á kéré sí i, títí á fi di lẹ́búlẹ́bú dúdú tí kò lè ha nǹkan kan mọ́. Èyí ni kò sẹ́ni tó ń rà. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí giríìtì ní láyé, omi ni. Bí omi bá kàn án, kò ní í pẹ́ tí á fi pọ́n, tí á fi lẹ̀ mọ́ra, tí odindi àpò á fi di òkúta. Ọdún kan wà tí òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì jò, tí Mọ́nsúrù sì pàdánù ọjà rẹpẹtẹ. Àwọn àpò náà ò ṣe é tú. Wọ́n fi òòlù lù wọ́n, èèkù òòlù ló kọ́kọ́ kán.

Ọdún tí omi wọ Ajégunlẹ̀ tó dé ojú fèrèsé, ó gbá iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè bàbá lọ. Nígbà tí omi fà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti jìn, díẹ̀ nínú àwọn búlọ́ọ̀kù ti dojú bolẹ̀. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé omi ti fẹ́ gbé ọkọ òun lọ. Ẹkún yẹn wọ Mọ́nsúrù lára ju omi tó ba bẹ́ẹ̀dì àti àga rẹ̀ jẹ́ lọ. Ó da iyanrìn síbẹ̀, omi kó o. Ó da pàǹtí síbẹ̀ bí àwọn aládùúgbò ti ń ṣe, omi kó o, ó sì tún gbé ti aládùúgbò wá fún un. Ibi tó ti ń ronú kiri ló ti rántí àwọn àpò tó di òkúta.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́búlẹ́bú tí kò sẹ́ni tó ń rà wálé nìyẹn, bárò lẹ́yìn bárò. Ó tẹ́ ẹ sórí sàréè, ó fi omi iyọ̀ wọ́n ọn, torí ó mọ̀ pé iyọ̀ máa ń mú irin dógùn-ún kíá. Bí èyí bá ti le, á tẹ́ òmíràn lé e. Ó ṣe é láti ìparí òjò kan títí di ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sì fi mọ sórí sàréè. Ó tẹ́ ẹ dé ìdí ògiri, ó tẹ́ ẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, torí ẹni tó bá ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kóun dúró. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rí ẹ̀tẹ́ kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa kan ni wọ́n rí, tó le, tó tẹ́jú, tí omi wá bá tó sì lọ láìmú nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Àáfà Muideen, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, fi gìgísẹ̀ gbá a, ó ní, "Mọ́nsúrù, o kọ́lé fún bàbá ẹ lẹ́yìn tó kú tán. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́." Màámi fúnra rẹ̀ gun orí rẹ̀, ó jó díẹ̀, ó súre fún ọmọ rẹ̀ títí ohùn fi há a.

Àyè apá ọ̀tún yẹn, abẹ́ irin náà ló wà. Ẹ má bi mí pé báwo ni kò ṣe wá sọ́kàn ẹnì kankan. Ta ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀ tó ń jó, tí yóò wá ní, "Màámi, ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ ká díwọ̀n ibi tí a ó sin yín sí"? Màámi nìkan ló lè sọ ọ́, òun náà sì ti mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, àdúrà ni wọ́n máa fi dí i. Inú Mọ́nsúrù dùn lọ́jọ́ náà débi pé kò ronú kan nǹkan kan.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Màámi kú, ní ìdájí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí odò ń kún. Kò ṣàìsàn tó lọ títí. Ìyàwó Mọ́nsúrù gbé omi àlùwàlá lọ bá a, ó bá a lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Omi ti wọ òpópónà wọn nígbà yẹn, pákó ni wọ́n ń gùn wọlé. Ràhmát dé láti Kétu pẹ̀lú ìró tó ká sókè dé orúnkún. Ó ṣubú lé ìyá rẹ̀ lórí, ó sunkún. Nígbà tó yá, ó nu ojú nù, ó dìde, ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn èèyàn bí àkọ́bí ti ń ṣe. Ẹni tó máa wẹ òkú, ẹni tó máa lọ ra aṣọ funfun, ẹni tó máa pe àwọn ará Ìsẹ́yìn.

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Mọ́nsú, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Daddy."

Mọ́nsúrù ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Aunty." Ó mú ṣọ́bìrì àti díígà, ó yí sẹ́yìn ilé. Ìgbà tó débẹ̀ ló dúró. Ó wo ilẹ̀ pupa náà láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, òógùn sì bò ó nínú òtútù òwúrọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́ṣáláṣí wá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé díígà sókè, tó sọ ọ́ kalẹ̀, díígà á ta padà sí i, iná á ta ṣàà, ilẹ̀ á máa wò ó. Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, díígà kan tẹ̀, èkejì yọ lẹ́nu èèkù. Ojú kan tó wú díẹ̀ ò tó ibi tí adìẹ fi ẹsẹ̀ ha. Mọ́nsúrù, tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ mọ bí irin ṣe ń di ara wọn mú, mọ̀ pé díígà ò lè rí nǹkan kan ṣe. Síbẹ̀ kò lè dúró. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dúró, Ràhmát á yọ.

Ràhmát yọ. Ó wo àwọn ọkùnrin tó ń mí gúlegúle, ó wo ilẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Mọ́nsú, ṣé o ti ilẹ̀kùn mọ́ Màámi síta ni?"

"Aunty, ẹ má bínú. Mo ti pe Ọlábámijí, ó ń gbé machine bọ̀."

"Three years ni mò ń wọlé jáde lórí nǹkan yìí," Ràhmát ní. "Èmi náà ò ronú ẹ̀. Mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣe é."

Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́nsúrù. Ì bá wù ú kó gbá òun létí.

Àáfà Muideen ti tẹ̀lé Ràhmát wá sẹ́yìn ilé. Ó wo omi tó ti ń jò wọlé lábẹ́ géètì, ó pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, òkú kì í dúró de irin. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ la máa kírun sí i lára. Itẹ́ òkú wà lókè, níbi tí omi ò dé. Ilẹ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀."

"Àáfà, mo gbọ́ yín," Ràhmát dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa. Gbogbo alẹ́ ló ń sọ fún wa, àwa là ń pa á lẹ́nu mọ́. Kí n wá lọ gbé e sáàárín àwọn tí ò mọ̀ rí?"

Mọ́nsúrù ò mọ ìgbà tó la ẹnu. "Màámi máa sùn tì Daddy lónìí. Mo ṣèlérí fún yín, Aunty. Bí mo bá máa fi eyín hú u, mo máa hú u."

Ràhmát padà sínú ilé lọ bá àwọn tó ń wẹ ìyá rẹ̀. Àáfà mi orí. Ó ní ó di dandan kó jẹ́ pé kí àwọn tó dé láti ìrun, ẹnu ilẹ̀ ti là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè ni wọ́n ń lọ.

Ọlábámijí dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ kọnkéré. Ó gbé e lé èjìká, ẹlòmíràn ru jẹnẹrétọ̀ tẹ̀lé e la omi kọjá. Ó kí Mọ́nsúrù kú àjálù, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka ha ilẹ̀ náà, ó ṣe hàà.

"Ọ̀gá Mọ́n, giríìtì tí mo fọ́n lọ́dọọdún lẹ gbé pamọ́ síbí?"

"Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ ni."

"Ó ti di irin padà," ni Ọlábámijí wí. Ó gbé akoto rẹ̀ tó bo gbogbo ojú dé, ó sì lé gbogbo èèyàn kúrò lẹ́yìn ilé. "Ẹ máa lọ síwájú o. Irin tó bá ta, ojú ló ń wá. Ọ̀dà tó wà nínú ẹ̀ náà ò dáa fún àyà." Kò ṣòro láti lé wọn, àkókò ìrun ti tó. Àwọn ọkùnrin bá Àáfà lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin wà nínú ilé lọ́dọ̀ òkú. Àáfà ní kí Mọ́nsúrù dúró, pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ìkòkò ilé ìdáná ń kan ara wọn. Ọlábámijí ò kánjú. Ó mú ojú kan ṣoṣo, níbi tí àyè apá ọ̀tún yẹ kó wà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mọ́nsúrù ń kó àkúfọ́ kúrò. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn àkúfọ́ náà, ó ń rí bó ṣe tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele, èépá ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti táǹkì kan, eérú ti páìpù, pupa ti ọkọ̀ ojú omi kan tó kó nǹkan rẹ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ tó dára ni. Ó dùn ún pé ó dára.

Wọ́n ti fọ́ ọ dé bí ìwọ̀n orúnkún nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ ṣàdédé wọlé lọ, tí Ọlábámijí fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀ tẹ̀lé e. Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ó bọ́ akoto. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò náà.

Omi ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ bó ti máa ń sun bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ ní Ajégunlẹ̀. Omi tó ń lọ ni. Ewé òṣíbàtà kan yọ lábẹ́ irin láti apá odò, ó rìn kọjá níwájú wọn, ó wọ abẹ́ irin lápá kejì. Ọlábámijí mú rọ́ọ̀dù gígùn kan, ó kì í bọ ihò náà. Ó lọ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dì í mú, kò kan nǹkan kan. Ó yí i sápá òsì, síhà tí bàbá wọn wà. Kò kan nǹkan kan níbẹ̀ náà.

Omi tí kò rọ́nà gba òkè ti gba abẹ́ ògiri wọlé. Láti ọdún dé ọdún ló ti ń bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, irin sì dúró lókè bí ìdérí ìkòkò, kò jẹ́ kí ojú rí i. Ká ní iyanrìn lásán ló wà níbẹ̀ ni, ilẹ̀ ì bá ti jìn, Màámi ì bá tún ti sunkún, wọn ì bá sì ti hú egungun bàbá wọn lọ síbi tó dára. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Mọ́nsúrù dùbúlẹ̀ sórí irin, ó ti apá bọnú omi títí dé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ilẹ̀ pupa náà. Ó ń wá kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ba búlọ́ọ̀kù kan tó ti di ọ̀bọ̀rọ́, ó ba gbòǹgbò, ó ba ọ̀rá omi mímu. Ó yí síhà kejì, ó tún tì í bọ̀ ọ́. "Daddy," ló ń wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jí èèyàn lójú oorun. "Daddy." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹ dìde," Ọlábámijí ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà á bọ́ síbẹ̀."

Ó fà á sókè. Wọ́n jókòó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní apá Mọ́nsúrù níbi tí etí irin ti bó o. Láti ọ̀nà jíjìn, ohùn Àáfà ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, ìrun ti ń parí lọ.

"Kí la máa sọ fún wọn?" Ọlábámijí béèrè.

"Pé irin ò gbà."

"Irin gbà, Ọ̀gá."

"Mo ní kò gbà." Mọ́nsúrù ò wo ojú rẹ̀. "Ọlábámijí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbọ́ èyí lónìí. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ láéláé."

Wọ́n gbé pákó dí ojú ihò náà, wọ́n kó àkúfọ́ irin lé e, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọlábámijí ń ṣe é, ó ń mi orí. Ohun tí Mọ́nsúrù ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé bí òun bá sọ òótọ́, Ràhmát á pàdánù ìyá àti bàbá lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ó rọrùn fún un kí wọ́n pe òun ní ọmọ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, ju kí wọ́n mọ̀ pé ihò lòun ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, tí òun sì ń gba ìyìn lé e lórí. Ojú ń tì í, ìtìjú náà sì lágbára ju ìbànújẹ́ lọ, ìyẹn sì tún jẹ́ ìtìjú mìíràn.

Nígbà tí wọ́n ti ìrun dé, Àáfà wo tapólì, ó wo ojú Mọ́nsúrù, kò béèrè. Ràhmát ló béèrè.

"Irin ò gbà, Aunty," Mọ́nsúrù dáhùn. "Machine ò ràn án."

"Ìwọ tó o fi irin jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ṣèlérí fún mi. Màámi ń gbọ́ ọ láti inú yàrá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Aunty."

Ràhmát dúró bí ẹni tó ṣì ń retí kó sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí kò sọ ọ́, ó fi ìborùn rẹ̀ di orí, ó ní kí wọ́n gbé ìyá òun.

Wọ́n kírun sí i lára níwájú ilé, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n tò kí omi má bàa kan àwọn tó ń kírun lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé pósí mọ́ṣáláṣí lé èjìká, wọ́n la omi kọjá títí wọ́n fi dé ojú títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Mọ́nsúrù wà lápá iwájú lọ́tùn-ún. Ìyá rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń ronú pé bó ṣe fúyẹ́ tó yìí, àyè tó fẹ́ ò pọ̀.

Ilẹ̀ itẹ́ òkú náà ga, ó gbẹ, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ti gbẹ́ ẹ tán kí wọ́n tó dé. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ọkọ́ wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mọ́nsúrù wọnú sàréè lọ gba ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin, ó tẹ́ ẹ lé apá ọ̀tún, ó kọjú rẹ̀ sí Gábàsì. Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, Ràhmát, tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú àwọn obìnrin, ránṣẹ́ bi bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé ta ló wà lápá ọ̀tún ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, ta ló sì wà lápá òsì. Bàbá náà ní òun ò mọ̀. Ó ní wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òun tó gba iṣẹ́.

Ràhmát ò bá Mọ́nsúrù sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ fìdáù. Ó ń gba ẹnu ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Omi ti fà nígbà yẹn, ó fi ẹrẹ̀ àti ẹja kéékèèké tó ti kú sílẹ̀ ní gbogbo òpópónà. Lójoojúmọ́, bí ilé bá ti dá, Mọ́nsúrù a máa lọ dúró létí tapólì, a máa tẹ́tí. Kò tíì rí bó ṣe máa dí i. Lẹ́búlẹ́bú tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì pọ̀ tó láti dí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ṣọ́bìrì, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ fìdáù náà, lẹ́yìn tí Àáfà ti ṣe wáàsí tán, tí wọ́n ti pín oúnjẹ, Ràhmát yà kúrò láàárín àwọn èèyàn, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mọ́nsúrù rí i, ó sáré tẹ̀lé e. Ó bá a tó ti bọ́ bàtà, tó dúró sórí ilẹ̀ pupa náà, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí tapólì, tó kọjú sí ibi tí orí bàbá wọn yẹ kó wà.

"Aunty, ẹ má dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ti sán."

Bàbá wọn ni Ràhmát ń bá sọ̀rọ̀.

"Daddy, ẹ káàsán o. Ràhmát ni. Màámi ti kúrò láyé, ẹ ó ti gbọ́. Ó fẹ́ wá síbí, kò rọ́nà wọlé. Ẹ má bínú sí i, kì í ṣe òun ló kọ̀ yín. Òkè ni wọ́n gbé e lọ, kò jìnnà, ibi tó gbẹ ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó síbí bá yín sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó ń lọ nínú ilé ló máa ń rò fún yín, ìyàwó Mọ́nsú ló sọ fún mi. Báyìí, èmi ni màá máa wá. Màá máa ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ máa gbúròó ara yín."

Mọ́nsúrù ò mọ̀ pé Màámi máa ń jókòó síbẹ̀. Ọjà ló máa ń wà nírọ̀lẹ́.

Ràhmát yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ìbínú ti ń rọlẹ̀ níbẹ̀. "Ìwọ náà, wá. Bàbá ẹ nìyí. Bẹ̀ ẹ́."

Ó wá. Kò sí bí kò ṣe ní í wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan irin, ó sì gbọ́ omi tó ń lọ nísàlẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́, kò dúró.

"Daddy," ó ní, "ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀. Mo rò pé mo dáàbò bò yín ni. Mi ò mọ̀ rárá." Ó bú sẹ́kún.

Ràhmát rò pé ọ̀rọ̀ Màámi ló ń sọ. Òun náà bú sẹ́kún. Ó ṣe àmín, ó bẹ̀rẹ̀, ó di apá Mọ́nsúrù mú níbi tí ọgbẹ́ ti ń jinná. "Ó tó, Mọ́nsú. Dìde. Daddy ti gbọ́ ẹ. Ó ti dárí jì ẹ́, èmi náà ti dárí jì ẹ́."

Mọ́nsúrù di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó dìde, kò sì sọ nǹkan kan fún un.